Káàdì Ọwọ́ Oníbàárà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò tíì mọ̀ sí iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe é máa ń wo bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀: ta ló ń kọ kí ni sílẹ̀, ta ló ń kà á, kí ni wọ́n fi ń ṣe, níbo ni owó tàbí ọjà ti ń sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣètò ọ̀nà tuntun, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tàbí láìsí kọ̀ǹpútà. Atúpalẹ̀ iṣẹ́ ni n ó máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin oníṣòwò pẹ̀lú, nítorí pé bí ẹni tó ń ṣètò bá ṣe é láìmọ iṣẹ́ yín, owó yín ni yóò fi kọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1951. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ J. Lyons. Tíì, búrẹ́dì àti kéèkì ni wọ́n fi lókìkí, ilé tíì wọn tó wà káàkiri Ìlú Ọba sì lé ní 200. Wọn kì í ṣe yunifásítì, wọn kì í ṣe ológun, síbẹ̀ àwọn ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ojoojúmọ́ ní gbogbo ayé. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún yẹn, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ sí Cadby Hall, ní àdúgbò Hammersmith, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye tí ohun tí ilé búrẹ́dì wọn ń yan ń ná wọn. LEO ni wọ́n sọ ọ́.

Báwo ni onítíì ṣe dé ìdí kọ̀ǹpútà? Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ John Simmons. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní yunifásítì Cambridge kó tó wọ Lyons ní 1923. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé èrè orí ife tíì kan kéré jọjọ, bẹ́ẹ̀ ìwé tí akọ̀wé ń kọ lórí ife tíì yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wo bí iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ń rìn, kí wọ́n sì máa wá ọ̀nà tó dára jù ú. Ogun àgbáyé kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè rà. Ní 1947 ni wọ́n tó rán àwọn méjì, Raymond Thompson àti Oliver Standingford, lọ sí Amẹ́ríkà láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún. Ní Princeton, Herman Goldstine, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń wá wà nítòsí ilé, pé àwọn ará Cambridge ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́. Wọ́n padà délé, Lyons fi owó ran àwọn ará Cambridge lọ́wọ́, wọ́n gba ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ John Pinkerton síṣẹ́, òun ló sì darí kíkọ́ LEO.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú sí bí wọ́n ṣe tò ó. Ìbéèrè ló ṣáájú, ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, mo ń rí i pé ẹ̀rọ la kọ́kọ́ ń rà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò rí áàpù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò ra irú rẹ̀, kó tó di oṣù mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ á ti padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, nítorí áàpù náà kò mọ̀ pé oníbàárà wọn kan wà tó máa ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó darí àwọn atúpalẹ̀ iṣẹ́ ní Lyons ni David Caminer. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe ní 1954 tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin ló sábà ń jẹ́ ọ̀gá ilé tíì kọ̀ọ̀kan. Lójoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó fẹ́ kí wọ́n kó wá fún un lọ́la: búrẹ́dì mélòó, kéèkì irú èyí mélòó, irú ìyẹn mélòó. Ìwé wọ̀nyí ń wọ́ lọ sí Cadby Hall láti ilé tíì gbogbo, àwọn akọ̀wé yóò jókòó, wọn yóò máa rò ó pọ̀. Ẹni tí kò ronú jinlẹ̀ ì bá ní kí kọ̀ǹpútà gba ìwé wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe rí, kó máa rò ó pọ̀ kíákíá. Àwọn Caminer kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi ara wọn pé, nínú gbogbo ohun tí obìnrin yìí ń kọ, èwo gan-an ló ń pinnu lónìí? Wọ́n rí i pé ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yí padà, bóyá nítorí òjò, bóyá nítorí ọlidé. Nítorí náà wọ́n fi ohun tí ilé tíì kọ̀ọ̀kan sábà ń gbà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ pamọ́ sínú ètò náà. Ohun tó yí padà nìkan ni wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù. Ọmọbìnrin tó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí ní Cadby Hall yóò máa lu ohun tó ń gbọ́ sára káàdì lójú ẹsẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè kà á, LEO yóò sì tẹ ìwé tí àwọn akẹ́rù yóò fi di ẹrù ilé tíì kọ̀ọ̀kan jáde.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ obìnrin yẹn fúyẹ́, iṣẹ́ akọ̀wé fúyẹ́, ilé búrẹ́dì sì mọ ohun tí yóò yan. Ohun tó ṣe é ni pé ẹnì kan ya ìpinnu sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé kíkọ. Bí ẹ bá kọ́ èyí nìkan nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, ẹ ti mú iṣẹ́ náà níbi tó lágbára jù.

Ọ̀dọ̀ àwọn Lyons yìí náà ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ti gba ọ̀nà kan wọ yunifásítì. Frank Land, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé sá kúrò ní Jámánì ní 1939 nígbà tó ṣì kéré, wọ Lyons ní 1952. Ní 1967 ó lọ sí London School of Economics láti dá kíkọ́ ìtúpalẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì yẹn ti jókòó ti akọ̀wé, ó ti gbọ́ ohùn àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kó tó di olùkọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Bí ọmọ kan bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni òun lè fi kọ́ ìtúpalẹ̀ láìná owó púpọ̀, n ó ní kó wá alájọ kan ní ọjà tó sún mọ́ ọn. Àwọn ará Èkó máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Wọ́n ní bàbá náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, kì í sì í ṣì í san. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò kì í gba àárín àtẹ kọjá.

Ẹ mọ bí àjọ ojoojúmọ́ ṣe ń lọ. Alájọ yóò fún oníbàárà ní káàdì, ilé 31 ni wọ́n fàlà sí i lórí. Ká ní ₦500 ni ìyá kan ń dá lójúmọ́. Bó bá dá a pé lọ́jọ́ 31, ₦15,500 ni. Alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, ₦500, fún iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ₦15,000 fún un. Ó rọrùn, àbí? Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà yóò ní òun lè kọ áàpù rẹ̀ tán láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé alájọ náà wọ ọjà. Kó kí i dáadáa, kó bá a gbé báàgì, kó sì máa béèrè. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá yìí bá san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ ńkọ́?” “Mo máa fàlà mẹ́ta.” “Bó bá san ₦300 péré ńkọ́?” “Màá kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì, tó bá di ọ̀la ó máa fi igba náírà lé e.” “Bó bá nílò owó láàárín oṣù ńkọ́, bàbá?” Níbí ni bàbá yóò ti dákẹ́ díẹ̀, yóò wá ní, “Ó sinmi lórí irú ẹni tó jẹ́, ọmọ mi.”

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Kí ló mú kí ẹnì kan rí owó yá kí oṣù tó parí, tí ẹlòmíràn ò rí? Òfin kan wà lọ́kàn bàbá yẹn tí kò sí nínú ìwé kankan: iye ọdún tí ìyá náà ti ń dájọ, bó ṣe máa ń san, ta ló mú un wá. Iṣẹ́ atúpalẹ̀ ni kó fi sùúrù mú òfin yẹn jáde, kó sọ ọ́ padà fún bàbá ní èdè tí bàbá yóò fi lè ní, bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin tirẹ̀ fún un. Bí ìbéèrè náà kò bá sì ní ìdáhùn kan pàtó, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá ló ń pinnu rẹ̀, kó má fi agídí sọ ọ́ di ìṣirò.

Kó tún ka káàdì. Lóòótọ́, kó ka káàdì lọ́wọ́ oníbàárà kan, yóò rí ohun ìyanu. Ìyá kan lè mú káàdì mẹ́ta dání: ọ̀kan fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún àgbò Iléyá. Ọmọ tó ti kọ áàpù rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn kan ló ni káàdì kan yóò rí i pé gbogbo iṣẹ́ òun ti wó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn àti káàdì. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń yàwòrán irú nǹkan báyìí, tí Peter Chen kọ jáde ní 1976: ẹ ya àpótí fún ohun kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rántí, ẹ fa ìlà láàárín wọn, ẹ kọ bí wọ́n ṣe tan mọ́ra sórí ìlà, kí ẹ sì sọ bóyá ọ̀kan sí ọ̀kan ni tàbí ọ̀kan sí púpọ̀. Bébà àti bírò ti tó o. Ẹ gbé e fún alájọ kó wò ó. Kò nílò kọ̀ǹpútà kó tó lè tọ́ka síbi tí ẹ ti ṣì í.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá ńkọ́? Ìyá Ìbejì mélòó ló wà nínú ọjà kan? Ẹnì kan náà ni Alhaja lẹ́nu oníbàárà, Ìyá Sikiru lẹ́nu aládùúgbò, tí orúkọ mìíràn sì wà nínú ìwé báńkì rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù lè sọnù, tàbí kó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn báńkì ilẹ̀ wa gbé BVN kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014 nìyí, nọ́ńbà oníhóró 11 tí wọ́n so mọ́ ìtẹ̀ka àti ojú ènìyàn, kí ẹnì kan lè jẹ́ ẹnì kan ní gbogbo báńkì tó bá wà. Alájọ kò nílò ìtẹ̀ka. Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí káàdì ti tó, bí kò bá ṣáà ti fún ẹni méjì ní nọ́ńbà kan náà. Ẹ tún rí i pé nínú ètò yín, ibì kan ṣoṣo ni ẹ kọ ohun kan sí: bí ìyá bá kó àtẹ rẹ̀ lọ sí ìlà mìíràn, ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ ti yí i. Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò fìdí irú ìtòjọ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní 1970, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi ìpamọ́ ìwífún tí àwọn báńkì ń lò ṣì dúró lé dòní.

Mo fẹ́ padà sórí káàdì yẹn, nítorí òun ló gba ọkàn mi jù lọ. Kí nìdí tó fi jẹ́ pé lọ́wọ́ oníbàárà ló ń wà? Alájọ ní ìwé ńlá tirẹ̀, ó lè ní kò sí wàhálà, gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó gba owó, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó san án, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bára mu ní ìparí oṣù. Ìlà tí wọ́n fà sínú ilé kọ̀ọ̀kan, ìyá tí kò mọ̀wé kà lè kà á ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀rí tirẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ wa bá gbé áàpù dé tó ní àwọn ò nílò káàdì mọ́, tó ń fi ìwé ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá náà ní ilé-ìwé, ó ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bí kò bá mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni mò ń sọ. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Post Office ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri. Fujitsu ló ni ín. Ó sì ní ìbátan pẹ̀lú ìtàn tí mo kọ́kọ́ sọ: ẹ̀ka kọ̀ǹpútà Lyons dàpọ̀ mọ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ English Electric ní 1963, ìyẹn di ara ICL ní 1968, Fujitsu ti ilẹ̀ Japan sì wá ra ICL. Horizon bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín ní àwọn ẹ̀ka kan níbi tí owó kò ti dín. Àdéhùn tí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka fọwọ́ sí ni wọ́n fi dì wọ́n mú pé àwọn ni kó san án. Ẹlòmíràn ta ilé rẹ̀, ẹlòmíràn ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Alan Bates, ẹni tó bójú tó ẹ̀ka kan rí, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà á títí, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ sọ pé àṣìṣe wà nínú ètò náà, pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu sì lè wọ inú àkọsílẹ̀ ẹ̀ka kan láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n yí i padà láìjẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀ka mọ̀. Ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fagi lé ìdálẹ́bi náà fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun kan nínú ìtàn náà tó dùn mí ni pé kò sí ibi tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka lè tẹ̀ lórí ẹ̀rọ láti sọ pé, mi ò gbà, iye yìí kì í ṣe tèmi. Ẹnì kan jókòó, ó ya àwòrán ojú ẹ̀rọ yẹn, ó fi àyè sílẹ̀ fún kó san án, kò fi àyè sílẹ̀ fún kó jiyàn. Àṣìṣe kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kó má wà. Àìsí àyè ìjiyàn, ènìyàn ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá ń ṣètò fún alájọ, ẹ jẹ́ kí káàdì wà. Kí áàpù wà lọ́wọ́ alájọ fún ìṣirò, kó má baà fi òru ọjọ́ ìparí oṣù rò ó pọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣì í kọ, kí wọ́n má lè pa á rẹ́. Kí wọ́n kọ àtúnṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é. Kó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, torí yóò lọ. Bí iye orí áàpù àti iye orí káàdì kò bá dọ́gba, kí ẹ̀rọ dúró, kó ní kí àwọn méjèèjì jókòó wò ó, kó má pàṣẹ pé tòun ló tọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ wá rí i tó ń lo ọjọ́ púpọ̀ lọ́jà pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa ka ìwé o, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́ ìṣirò owó díẹ̀ pẹ̀lú, torí atúpalẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbèsè àti èrè kò lè bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí alájọ kan bá wá gbà yín láyè láti tẹ̀ lé òun, ẹ má lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa kì í kọ́ni ní nǹkan púpọ̀. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá tí òun fúnra rẹ̀ kò wá. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń sanwó padà, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, kí ẹ máa wo gbogbo káàdì tí wọ́n bá gbé wá tí iye rẹ̀ kò bá ti ìwé ńlá mu. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó gbà fún ẹnì kejì, àti ìdí tó fi gbà.